Ìṣó Lẹ́nu, Orin Nímú

Ọ́fíìsì Ọ̀jọ̀gbọ́n Àgbà Pátápátá,
Ìgbìmọ̀ Àpapọ̀ fún Ìwádìí Orin, Ijó, Àwòrán àti Gbogbo Ohun tí Kì Í Jẹ́ Kí Aládùúgbò Sùn.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kejì.

Sí Ọ̀gbẹ́ni Akẹ́kọ̀ọ́,

Mo kí ọ láti orí àga mi, èyí tó ga débi pé akọ̀wé mi gbọ́dọ̀ gun àkàbà kó tó lè gbé tíì fún mi.

Ìròyìn tí kò bójú mu ti dé etí ìgbìmọ̀ wa nípa rẹ. Wọ́n ní láti ìgbà tí o ti wọ yunifásítì tí wọ́n ti ń kọ́ ọ ní ọgbọ́n ìwádìí orin, o ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà sílé. Ìgbìmọ̀ wa kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. A fi ọ̀rọ̀ wá màmá rẹ lẹ́nu wò; ó mí kanlẹ̀. A fi ọ̀rọ̀ wá bàbá rẹ lẹ́nu wò, ó ní, "Ọmọ wo?" A wá bi àbúrò rẹ obìnrin, ẹni tó gbọ́n jù, tó rẹwà jù, tó sì níwà jù nínú ilé náà. Ṣe ni omi bọ́ lójú ọmọ ọlọ́mọ.

Nítorí náà, a pàṣẹ kí o kọ lẹ́tà tó gùn, kí o sì fi ṣokoléètì tì í lẹ́yìn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ó gbé ẹ̀rọ wá sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ rẹ, a ó gba ohùn rẹ sílẹ̀ bí o ṣe ń kọrin níbẹ̀, gbogbo ayé á sì mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ orin ló ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo.

Èmi ni, pẹ̀lú gbogbo ọlá tó yẹ mí,
Ọ̀jọ̀gbọ́n Àgbà Pátápátá.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì.

Àwòko, ẹyẹ tí ń jí ohùn ẹyẹ ẹlẹ́yẹ,

Ọ̀jọ̀gbọ́n kí ni? Ọ̀jọ̀gbọ́n tí gọ́ọ̀mù bàtà lẹ̀ mọ́ ìwé rẹ̀, tí àtàǹpàkò rẹ̀ hàn níbẹ̀ bí òǹtẹ̀? Yàrá ìkàwé ni mo ti ka lẹ́tà yẹn. Ẹ̀rín pa mí débi tí wọ́n ní kí n jáde. Ohùn ọ̀gá ilé ìwé yín ni mo gbọ́ nínú rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ṣé o ò tíì jáwọ́ ni? Ṣé kì í ṣe ohùn yẹn náà lo fi sín in jẹ tí wọ́n fi ní kó o máa lọ sílé, tó o fi ń jókòó ti Bàbá ní ṣọ́ọ̀bù báyìí?

Bá mi kí Bàbá, bá mi kí Màmá. Mi ò gbàgbé yín. Iṣẹ́ ló pọ̀. Mi ò pe fóònù torí Bàbá kì í sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, pípariwo ni wọ́n máa ń pariwo, bíi pé ohùn ni wọ́n fẹ́ fi la òkun kọjá.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń ṣe níbí, kó o lè ṣàlàyé fún Màmá, tí wọ́n ṣì rò pé dùùrù ni mo wá kọ́. Bí èèyàn ṣe ń ṣèwádìí orin àti iṣẹ́ ọnà ni wọ́n ń kọ́ wa: bí a ṣe ń wo oníṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ láì dí i lọ́wọ́, bí a ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀ láì fi ìdáhùn pamọ́ sínú ìbéèrè, bí a ṣe ń kọ ohun tí a rí sílẹ̀, kì í ṣe ohun tó wù wá ká rí. O ń rẹ́rìn-ín, àbí? Gbìyànjú rẹ̀ wò ná.

Olùkọ́ wa, obìnrin kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́, tí ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ́rẹ́ lọ, ní kí kálukú lọ wá ohùn kan tó sún mọ́ ọn jù, tí ẹnikẹ́ni ò tíì pè ní orin rí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń sáré kiri. Èmi ò sáré. Ohùn tí Bàbá máa ń fi imú kọ tí wọ́n bá ń kan bàtà ni mo mú. O mọ̀ ọ́n: èyí tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, tó máa dúró bí ẹni tó gbàgbé nǹkan, tó wá já lulẹ̀ bí òòlù ṣe ń balẹ̀. Tí mo bá ń ti ilé ìwé bọ̀ ní kékeré, etí mi máa ń dé ilé ṣáájú ẹsẹ̀ mi.

Mo ti fi rẹ́kọ́dà kékeré kan rán ọ̀rẹ́ mi tó ń bọ̀ nílé. Gba ohùn náà sílẹ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì fún mi, kó o sì bi Bàbá ibi tí wọ́n ti rí i. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn. A kì í jí ohùn èèyàn gbà. Jọ̀ọ́, má sì fi ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu. Ẹnu ara wọn gan-an ni mo fẹ́.

Ìparí oṣù kẹfà ni màá dúró níwájú àwọn olùkọ́. Tí wọ́n bá gba iṣẹ́ mi, mo ń tẹ̀síwájú nìyẹn. Tí wọn ò bá gbà á, wọ́n á ní kí n máa lọ sílé. Ọ̀rọ̀ eré kọ́ lèyí o.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.

Ṣokoléètì kò sí. Ọ̀jọ̀gbọ́n kì í jẹ ṣokoléètì.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹta.

Bọ̀dá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìwé kíkà, ẹ kú àìsùn, ẹ kú ìfaradà olùkọ́ abẹ́rẹ́. Rẹ́kọ́dà ti dé. Mo kọ́kọ́ fi gba ohùn ewúrẹ́ aládùúgbò sílẹ̀, mo kàn fi dán an wò ni. Ó kọrin jù yín lọ.

Mo gba àṣẹ o. Mo ní, "Bàbá, Bọ̀dá ní kí n gba ohùn yín sílẹ̀, àwọn tíṣà wọn fẹ́ gbọ́ ọ." Háà! Ẹ̀ẹ̀kan náà ni iṣẹ́ dúró. Bàbá wọlé, wọ́n wẹ̀, wọ́n gé irùngbọ̀n, wọ́n wọ kóòtù tí wọ́n fi gbéyàwó, èyí tí bọ́tìnnì rẹ̀ àti ihò rẹ̀ ti ń bá ara wọn jà láti ìgbà tí wọ́n ti sanra. Wọ́n jókòó sí pálọ̀ bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò. Wọ́n wúkọ́. Wọ́n tún wúkọ́. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin olùkọ́ gbogbo, mo kí yín. Èmi ni mo bí i." Wọ́n wá kọ orin tí wọ́n fi ń tò sórí ìlà nígbà tí wọ́n wà ní jẹ́lé-ó-sinmi, wọ́n sì gbàgbé ìlà kejì.

Mo ní, "Bàbá, èyí kọ́. Èyí tí ẹ máa ń fi imú kọ tí ẹ bá ń kan bàtà ni."

"Ta ló ń fi imú kọrin?"

"Ẹ̀yin ni."

"Èmi? Ṣé ẹ̀fọn ni mí ni?"

Màmá tí wọ́n ń lọ aṣọ lápá kan ní, "Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ yín lẹ ti ń kùn ní ṣọ́ọ̀bù yẹn. Èmi rò pé torí tèmi ni."

Bàbá wò wá bí ẹni tí wọ́n gbìmọ̀ pọ̀ lé lórí. Bọ̀dá mi, wọn ò mọ̀! Gbogbo ọjọ́ ayé wọn, wọn ò mọ̀ pé àwọn ń kọ nǹkan kan. Mo bi wọ́n pé ibo ni wọ́n ti rí i, wọ́n ní kí n lọ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀fọn.

Èyí tó burú jù ló kù yìí. Láti ọjọ́ náà, wọ́n ti dákẹ́. Wọ́n ń ṣọ́ ara wọn. Wọn ò tiẹ̀ kó ìṣó sẹ́nu mọ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, inú abọ́ ni wọ́n ń kó o sí, kí ẹnu wọn lè ráyè sọ pé, "Ẹ rí i? Mi ò kùn." Ṣọ́ọ̀bù wá dákẹ́ rọ́rọ́. Oníbàárà kan wọlé lánàá, ó bọ́ fìlà, ó ní ta ló kú. Bàbá ti fi òòlù lu àtàǹpàkò ara wọn, wọ́n sì kan gìgísẹ̀ bàtà arábìnrin kan sódì, tó fi ń rìn bí akàn.

Màmá ní kí n sọ fún yín pé ẹ ti jí ohùn lẹ́nu ọkọ àwọn. Kí ẹ tètè dá a padà.

Èmi, òṣìṣẹ́ yín tí kò rí ṣokoléètì,
Àwòko.


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹrin.

Àwòko,

Ẹ̀rín kọ́kọ́ pa mí, lẹ́yìn náà ni ara mi wálẹ̀. Èmi ni mo fà á. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ wọ kíláàsì ni olùkọ́ wa ti kìlọ̀ pé ohun tí èèyàn bá tẹjú mọ́ jù lè yí ìrìn padà. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa. Mi ò mọ̀ pé bàbá mi lọ̀rọ̀ náà ń bá wí.

Ní báyìí, mi ò lóhùn, mi ò lọ́rọ̀. Ojú ewé àkọ́kọ́ iṣẹ́ mi funfun báláú. Àwọn yòókù ti ń to tiwọn jọ. Tí ohùn ò bá tiẹ̀ sí, tí mo bá rí ọ̀rọ̀ Bàbá nìkan, bí wọ́n ṣe rí ohùn yẹn, mo lè fi bẹ̀rẹ̀. Bá mi bẹ̀ wọ́n. Ìwọ lo mọ bí wọ́n ṣe ń mú inú wọn rọ̀. Má jẹ́ kí wọ́n dá mi padà sílé bí ẹrù tí kò rí ẹni gbà á.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.


Ogúnjọ́, oṣù kẹrin.

Ọmọ mi,

Àwòko ló ń bá mi kọ ọ́, bó ṣe máa ń bá mi kọ gbogbo lẹ́tà mi. Ojú mi ò rí ohun kéékèèké mọ́. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń jẹun? Orókún mi ṣì ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́.

Wọ́n ní o fẹ́ mọ ibi tí mo ti rí ohùn iṣẹ́ mi. Mo fẹ́ gbé e pamọ́ tẹ́lẹ̀, torí ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ bàtà, odi ni. Láti inú ìyá rẹ̀ ni kò ti sọ̀rọ̀. Kò lè sọ pé "kàn án," kò lè sọ pé "dúró." Imú ló fi ń kọ́ wa. Tó bá gbé ohùn sókè, àwa ọmọ iṣẹ́ á gbé òòlù. Tó bá dá a dúró, a ó dúró. Tó bá já a sílẹ̀, a ó kàn án. Ọjọ́ tó máa kú, ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó kùn ún sí mi létí, ó sì já a sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bá a gbé e.

Ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Kàwé rẹ dáadáa.

Èmi ni bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù karùn-ún.

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọ̀rọ̀ orókún, ẹ kú ohun tí ẹ ti ń dá gbé láti ọjọ́ yìí.

Mo ka lẹ́tà yín, mo tún un kà, mo jókòó sórí ibùsùn mi bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Olùkọ́ wa kà á sókè ní kíláàsì. Obìnrin yẹn, tí kì í yìn èèyàn, bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó ní òun ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ó ní kí n fi ọ̀gá yín tó jẹ́ odi ṣe àkọlé iṣẹ́ mi, kí n sì kà á níwájú gbogbo ilé ìwé ní ìparí oṣù kẹfà. Wọ́n tún ní kí n kọ̀wé dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ọ̀gá náà. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni mo ti lè rí wọn?

Bàbá, iṣẹ́ mi ti fẹ́ wọlé nìyẹn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n lé ẹlẹgbẹ́ mi kan lọ, torí ó jókòó sí yàrá rẹ̀, ó sì hun ọ̀rọ̀ tó ní amọ̀kòkò kan ló sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù rẹ̀ jáde, mo ń dúpẹ́ lọ́kàn mi pé bàbá tèmi ló fi ẹnu ara wọn sọ tèmi.

Ọmọ yín.


Ọ́fíìsì Lọ́yà Agbẹjọ́rò-Ẹni-Tí-Kò-Lẹ́jọ́-Rò.
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù karùn-ún.

Sí Ọ̀gbẹ́ni Akẹ́kọ̀ọ́,

Oníbàárà mi, tí mi ò ní dárúkọ, àmọ́ tí ẹ lè pè ní Ẹyẹ Kan, rán mi láti béèrè ọ̀rọ̀ òfin kan lọ́wọ́ yín. Bí ẹnì kan bá fi ìfẹ́ ọmọ ìyá bí irọ́ kékeré kan, tí irọ́ náà sì dàgbà, tó wọ yunifásítì, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un, ta ni ká mú? Ẹni tó bí i ni, tàbí àwọn tó ń fún un lóúnjẹ? Oníbàárà mi tún ní kí n rán yín létí pé òun ṣì jẹ́ ọmọdé, àti pé—

Bọ̀dá mi, mi ò lè ṣe lọ́yà mọ́. Èmi ni mo kọ lẹ́tà ọ̀gá odi yẹn. Bàbá ò sọ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ àyàfi ti orókún.

Lẹ́tà yín dé lọ́sàn-án. Bàbá ní kí n kà á. Mo kà á bó ṣe wù mí. Mo ní ẹ kí wọn, mo ní ẹ ń béèrè orókún wọn. Bàbá ní, "Lẹ́tà tó nípọn tó báyìí, orókún mi nìkan ló wà níbẹ̀?" Mo ní ẹ fẹ́ràn orókún yẹn gan-an ni. Màmá bá já ìwé gbà lọ́wọ́ mi. Wọ́n kà á débi "ọ̀gá yín tó jẹ́ odi."

Bàbá ní, "Ta ni odi?"

"Ọ̀gá yín tó kọ́ yín níṣẹ́."

"Ọ̀gá tèmi? Ọkùnrin tó ń bú wa láti ìdájí títí ilẹ̀ fi ń ṣú? Ó bú mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi! Ìyá ẹ wà níbẹ̀!"

Màmá ní, "Ó bú èmi náà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi tí Bàbá di ògiri mú. Èmi náà fẹ́ bá wọn rín in. Màmá wá ka ìyókù, ti ẹlẹgbẹ́ yín tí wọ́n lé lọ. Ẹ̀rín tán lójú Bàbá. Wọ́n ní, "Wọ́n lè lé òun náà?" Màmá ní ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Bàbá yíjú sí mi. Wọn ò pariwo. Ó ì bá sàn kí wọ́n pariwo. Wọ́n ní, "Kọ ọ́ fún un lónìí. Ẹni tó dà á ni yóò kó o."

Bọ̀dá mi, ẹ má kà á níwájú ilé ìwé o. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ní kí n má fi ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu, mo rò pé ẹ̀rù ló ń bà yín ni. Mo rò pé tó bá ti jọ ohùn Bàbá, ó ti di ti Bàbá nìyẹn.

Àwòko.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹfà.

Bọ̀dá mi,

Ẹ ò fèsì. Mo mọ̀ pé ẹ ń bínú, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Àmọ́ ẹ ka èyí, ẹ sì gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ tó ya á.

Ọjọ́ kejì tí mo kọ lẹ́tà lọ́yà, Bàbá ní ẹnu mi ò níṣẹ́ ni, ìyẹn ló fi ń wáṣẹ́ fún ara rẹ̀. Wọ́n bu ìṣó wẹ́wẹ́ lẹ́kún ọwọ́, wọ́n ní, "La ẹnu." Mo là á. Wọ́n kó o sí i. "Dì í mú báyìí. Tó o bá gbé ọ̀kan mì, má sọ fún mi, sọ fún ìyá ẹ." Wọ́n gbé àtẹ́lẹ̀ bàtà kalẹ̀ níwájú mi, wọ́n ní kí n máa kàn án.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọgbọ́n ìwádìí, ṣé ẹ ti kó ìṣó sẹ́nu rí? Ẹ ò lè sọ̀rọ̀. Ẹ ò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín. Ètè gbọ́dọ̀ pa dé, imú nìkan ló kù tí èémí á máa gbà. Ahọ́n lẹ máa fi ti ìṣó kan síwájú, ìṣó á sì máa yí ara rẹ̀ po bí ọmọ tí kò fẹ́ wẹ̀. Bí ahọ́n ṣe ń tì í ni èémí ń gùn. Bí èémí ṣe ń gùn ni ohùn ń gòkè. Ìṣó yọ sí ètè, ohùn á dúró. Ibi tí ẹ sọ pé ó ń ṣe bí ẹni tó gbàgbé nǹkan, kò gbàgbé nǹkan kan o, ìka ló ń dúró dè! Ìka mú un, ó fi í lélẹ̀, òòlù balẹ̀, èémí tí ẹ ti ń fà bọ̀ á wá já lẹ́ẹ̀kan náà.

Mi ò mọ̀ pé mo ń kọ ọ́. Bàbá ni mo rí tí wọ́n gbé òòlù dúró sókè.

"Ta lò ń sín jẹ?"

Mo tọ́ka sí ẹnu mi.

"Mo ní ta lò ń sín jẹ? Ìyà yìí ò tíì tó ẹ?"

Mo mi orí títí ọrùn fi dùn mí. Omi ń bọ́ lójú mi, itọ́ ń bọ́ lẹ́nu mi, mi ò sì lè gbé ìkankan mì. Bàbá wá kó ìṣó láti inú abọ́, wọ́n kó o sẹ́nu ara wọn, wọ́n kan ọ̀kan. Wọ́n kan èkejì. Ojú wọn là. Wọ́n fọwọ́ kan imú ara wọn, bí ẹni tó bá àlejò nílé.

Mo gbé rẹ́kọ́dà sókè, mo fi ojú béèrè. Bàbá wò ó, wọ́n wo kóòtù wọn tó wà lára ògiri, wọ́n ronú sí i díẹ̀. Wọ́n mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n sì ń kàn án lọ. Ohùn méjì ni ẹ máa gbọ́. Èyí tó nípọn ni ti Bàbá. Èyí tó ń sáré jù, tó ń já kí òòlù tó balẹ̀, tèmi ni.

Gbogbo ìgbà tí mo ti ń sín Bàbá jẹ fún àwọn ọmọ àdúgbò, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́, ẹnu ni mo ń sín jẹ. Mi ò sín iṣẹ́ jẹ rí.

Ṣọ́ọ̀bù ti ń dún padà. Màmá ní kí n sọ fún yín pé àwọn ti gba ẹrù àwọn.

Àwòko.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹfà.

Bọ̀dá mi,

Mo tún lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ lónìí. Akọ̀wé ibẹ̀ ti ń sá fún mi. Tó bá ti rí mi lọ́ọ̀ọ́kán, á bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì, á máa wá péènì tí kò sọ nù.

Ẹ bú mi. Ẹ fi ìwé méjì bú mi. Mi ò ní fèsì, mi ò ní sín yín jẹ. Àmọ́ ẹ kọ nǹkan kan, kí n lè mọ̀ bóyá wọ́n ti lé yín.

Àwòko.


Ọjọ́ kejì, oṣù keje.

Àwòko,

Mo bínú. Mo bínú débi pé mo kọ lẹ́tà mẹ́rin sí ẹ, mo sì ya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀kan nínú wọn dára gan-an, ó dùn mí nígbà tí mo ń ya á.

Ọjọ́ tí lẹ́tà lọ́yà yẹn dé, mo lọ bá olùkọ́ wa. Mo ní ọ̀gá odi kò sí, àbúrò mi ló dá a. Ó gbé ojú ewé àkọ́kọ́ mi, ó fà á ya, ó ní, "O mọ̀ pé irọ́ ni?" Mo ní rárá. Ó ní, "O fẹ́ mọ̀ ọ́n?" Òótọ́ ni pé Ọ̀jọ̀gbọ́n Àgbà Pátápátá ò lè tàn mí, torí mi ò nílò ọ̀jọ̀gbọ́n. Bàbá ni mo nílò, mo sì gbé irọ́ náà mì láì wo ojú rẹ̀. Wọ́n yọ mí kúrò lára àwọn tó máa kàwé níwájú ilé ìwé. Wọ́n ní kí n ṣì wá síwájú àwọn olùkọ́ ní ọjọ́ mi, kí n mú ohun tí mo bá ní wá. Mi ò ní nǹkan kan. Mo ti di ẹrù mi.

Ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀ ló kù tí kásẹ́ẹ̀tì fi dé.

Mo fi í sínú ẹ̀rọ fún wọn. Mo ka lẹ́tà rẹ tẹ̀ lé e, látorí "la ẹnu" títí dé ibi ìka. Olùkọ́ kan ní, "Ta ni ẹnì kejì yẹn, tó ń sáré?" Mo ní, "Òun ni òpùrọ́ náà." Ẹ̀rín pa gbogbo wọn. Àwòko, wàá rò pé mò ń parọ́ sí ẹ báyìí: wọ́n rán èèyàn lọ ra ìṣó. Ìwọ wo àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́ta yí tábìlì ká, ìṣó kún ẹnu wọn, itọ́ ń yọ létí ètè, tí kálukú ń fi imú wá ohùn bàbá wa kiri! Olùkọ́ abẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ rí i. Ó tu ìṣó sọ́wọ́, ó ní, "Ìka ni. Òótọ́ ni, ìka ni."

Wọ́n gbà á wọlé. Wọ́n ní kí n kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀: kóòtù, abọ́ ìṣó, irọ́, àti bí ẹnu ẹni tó parọ́ ṣe rí òótọ́. Ohun kan ṣoṣo ló kù. Wọ́n fẹ́ ọ̀rọ̀ Bàbá fúnra wọn lójú ewé àkọ́kọ́. Bó bá jẹ́ ìlà kan péré, kó ṣáà jẹ́ tiwọn.

Mi ò tíì dárí jì ẹ́ tán o. Ó ku díẹ̀. Ṣokoléètì tó wà nínú ìwé yìí, Màmá ló ni ín.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù keje.

Ọmọ mi,

Àwòko ló ń kọ ọ́. Ìyá rẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀.

O ní kí n sọ ibi tí mo ti rí ohùn yẹn. Mi ò rí i níbì kankan. Ìṣó wà lẹ́nu mi, mo sì gbọ́dọ̀ mí. Ọ̀gá mi náà máa ń kó ìṣó sẹ́nu. Ìgbà yẹn nìkan ni kì í bú wa, a sì máa ń gbàdúrà kí bàtà pọ̀. Bóyá òun náà ń kùn, mi ò gbọ́ ọ. Tèmi ni mò ń kàn.

Ṣé orin ni? Mi ò mọ̀. Ìwọ lo lọ síbi tí wọ́n ti ń mọ̀ ọ́n. Ohun tí èmi mọ̀ ni pé nígbà tí mo dá a dúró, àtàǹpàkò mi ni mo ń kàn.

Kọ ọ́ bó ṣe rí. Tó bá kéré, jẹ́ kó kéré.

Orókún mi ti ń sàn.

Àárò rẹ ń sọ mí. Tí mo bá ti gbé òòlù, mo máa ń wo ẹnu ọ̀nà, bóyá ìwọ lò ń wọlé bọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ.

Bọ̀dá mi, ẹ má tíì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ewé àkọ́kọ́. Ẹ mú sísọ́ọ̀sì, ẹ gé ibi àárò yẹn kúrò. Bàbá parí sí orókún, wọ́n ní ó tó, wọ́n padà sídìí iṣẹ́. Màmá náà kúrò lẹ́yìn mi. Péènì ṣì wà lọ́wọ́ mi, ó sì ń lọ.

Bàbá kọ́ ló sọ ọ́. Èmi ni. Àárò yín ló ń sọ mí.